Bí Ó Ti Yẹ Kí A Máa Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Ní Orin Kíkọ
(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa)

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí orin kíkọ, nítorí pé ẹ̀ka wa kan fẹ́ ra dùùrù fún ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀bùn rere ni. Ṣùgbọ́n kí dùùrù tó dé, ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí a óò gbà kọ́ àwọn ọmọ.

Láti ọdún 1855 tí Bowen ti mú iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi wá sí ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ni orin ìjọsìn ti wà láàárín wa. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ohùn orin àwọn Òyìnbó, tí a há ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́ nínú. Bí ohùn orin bá ń sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè, ọ̀rọ̀ a yí padà. A fẹ́ pe ọ̀run, ọrùn ni etí ń gbọ́. A fẹ́ pe ọkọ, ó di ọkọ́. Ọ̀gbẹ́ni T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kátídírà ti Kristi ní Èkó láti 1914 títí di 1962, rí èyí kedere. Nínú ìwé tí ó kọ lórí orin Yorùbá, tí ó jáde ní 1953, ó fi hàn pé ó yẹ kí ohùn orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tí èmi ń gbà nìyí. Àwọn ọmọ a kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ orin bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lásán. Lẹ́yìn náà, wọ́n a fi dò, re, mí pe ohùn rẹ̀, kí a tó fi orin sí i. Dò re mí inú ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìró mẹ́ta tí a kàn ní ìṣó o. Ohùn wa a máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí gbólóhùn ti ń gùn, nítorí náà kí olùkọ́ má ṣe le koko jù. Kí ó má sì yára pín orin sí ohùn mẹ́rin, nítorí pé bí ohùn òkè bá tilẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu, àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ lè máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kí ẹnì kan máa lé orin, kí àwọn yòókù máa gbè é: ọmọ wa ti mọ èyí láti inú agbo eré òṣùpá.

Ní ti èémí, ẹ wo ọmọ tí ń polówó ẹ̀kọ ní òwúrọ̀. Ohùn rẹ̀ ń ti ojúlé dé ojúlé: ó ń fa èémí sí ikùn, ó ń la ẹnu dáadáa, ó sì ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn. Ọmọ yìí kan náà dé kíláàsì, a ní kí ó kọrin sókè. Èjìká rẹ̀ gòkè, iṣan ọrùn rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ há. Àwa ni a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. (Ní Under G lálẹ́, ẹ̀rọ agbóhùnsókè pọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó ń gbé ohùn jìnnà, ṣùgbọ́n kì í tún ohùn ṣe.)

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwọn ọmọkùnrin ọdún 13 sí 15 tí ohùn wọn ń yí. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, a sì máa ń yọ wọ́n kúrò láàárín akọrin. Púpọ̀ wọn kì í padà mọ́ láéláé. Ohùn ìsàlẹ̀ ni kí a fún wọn, kí wọ́n máa kọ ọ́ pẹ̀lẹ́, láìfipá.

Àwọn olùkọ́ ohùn wà nítòsí wa pẹ̀lú. Ẹ fi etí sí ìjálá Ògúndáre Fóyánmu, ọmọ ìlú wa, nínú àwo rẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ ibi tí ó ti ń mí. Ẹ rántí rárà, àti ẹkún ìyàwó tí àwọn ọmọbìnrin Ọ̀yọ́ àti ti ìhín ń sun nígbà tí wọ́n bá ń relé ọkọ. Àwọn tí ó mọ ẹkún yìí dájú ti ń darúgbó.

Mo bẹ Ẹgbẹ́ kí ó yọ díẹ̀ nínú owó dùùrù náà fún owó ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn ìyá wọ̀nyí, kí wọ́n máa wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, kí a sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo ti bá méjì nínú wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ti gbà láti bẹ̀rẹ̀ ní sáà tí ń bọ̀.