Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Ọmọbìnrin Kọ́kọ́ Lọ Rí Dókítà Àwọn Obìnrin?



A mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Ní Alabama, láàárín ọdún 1845 sí 1849, J. Marion Sims fi abẹ kọ́ṣẹ́ lára àwọn ẹrúbìnrin, láìfún wọn ní oògùn ìpàrora. A mọ orúkọ mẹ́ta nínú wọn: Anarcha, Betsey, Lucy. Òun náà ni wọ́n sì ń pè ní baba ìṣègùn obìnrin!

Àmọ́ àwọn tiwa náà kò káwọ́ gbera. Ní Chicago níbí, ní ọdún 1891, Daniel Hale Williams dá ilé ìwòsàn Provident sílẹ̀, níbi tí àwọn ọmọbìnrin dúdú ti lè kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà obìnrin ní Amẹ́ríkà, ACOG, ní kí ọmọ kọ́kọ́ lọ láàárín ọdún 13 sí 15. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀: nǹkan oṣù, inú rírun, ara tó ń yí padà. Wọn kì í sábà yẹ abẹ́ ọmọ wò. Àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ kò kan ọmọ tí ara rẹ̀ le kó tó pé ọdún 21. Ṣùgbọ́n bó bá pé 15 tí kò tíì rí nǹkan oṣù, ẹ má dúró.

Ẹ bá a wọlé, kí ẹ sì jáde díẹ̀, kó lè dá sọ̀rọ̀. Ẹ lè ní dókítà tó jẹ́ obìnrin lẹ fẹ́.