Oore fún Ẹni Tí A Kò Mọ̀ Rí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, Yorùbá ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ànábì Músá nínú Súrátul-Qasas, orí 28, ẹsẹ 22 sí 28. Ó sá kúrò ní Íjíbítì nítorí àwọn tí ó fẹ́ pa á. Ní ibi omi Mádíyánà, ó rí obìnrin méjì tí wọ́n dá ẹran wọn dúró sẹ́yìn, nítorí àwọn darandaran kò tíì kúrò nídìí omi, bàbá wọn sì ti darúgbó. Ó bá wọn fún ẹran wọn lómi, kò bèèrè owó ọ̀yà. Ó padà sí ibòòji, ó ń tọrọ oore lọ́wọ́ Olúwa rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: aláìní ni ó ṣe oore yìí. Lẹ́yìn náà ni bàbá wọn ránṣẹ́ pè é. Ó rí ààbò, ó rí aya, ó sì rí iṣẹ́ ọdún 8 sí 10.

Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí ebi ààwẹ̀ mú ọ kanra mọ́ àlejò. Bí o bá rí arúgbó tí àwọn alágbára tì sẹ́yìn nídìí ẹ̀rọ omi, má ṣe wádìí ìdílé rẹ̀. Bá a pọn tirẹ̀ kí o tó pọn tìrẹ. Ẹni tí ìwọ kò mọ̀, Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa. Àmín.