Kí Ló Ń Dá Alágbe Padà Sójú Títì?

 

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lónìí ò jìnnà sí ìsọ̀ wa. Gbogbo wa la mọ àwọn tó ń ṣagbe lẹ́nu ọ̀nà ọjà, tí wọ́n ń tẹ́ páálí sùn síwájú ìsọ̀ bílẹ̀ bá ṣú. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: owó tíjọba ń ná lórí irú wọn, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

L'Ékòó, ìjọba máa ń fi ọkọ̀ kó alágbe lọ sí ilé ìtọ́jú tó wà ní Majidun, n'Ìkòròdú. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò nílé, tí ò ní owó òwò, bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, ibo ló máa gbà? Ojú títì náà ni.

Láti 2016, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kalẹ̀ láti máa fún ìdílé tálákà ní 5,000 náírà lóṣù. Ní 2018, TraderMoni yá oníṣòwò kéékèèké ní 10,000 náírà láìgba ìdógò. Ó ran àwọn kan lọ́wọ́, a ò ní purọ́. Àmọ́ ìdílé ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Ẹni tó ń sùn lábẹ́ afárá, inú ilé wo ni wọ́n fẹ́ ti kọ orúkọ rẹ̀? Nígbà tó di January 2024, Ààrẹ Tinubu dá àwọn ètò náà dúró nítorí ẹ̀sùn ìkówójẹ.

Ẹ wá gbọ́ ti Finland, nílẹ̀ Yúróòpù. Láti 2008, ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún aláìnílé, kí wọ́n tó bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tàbí ọtí tó ń mu. Àwọn aláìnílé tó lé ní 8,000 nígbà náà dín sí nǹkan bí 3,400 ní 2023. Ìjọba wá dín owó ìrànwọ́ kù, iye wọn sì tún gòkè ní 2024.

Ohun tá a rí dì mú ni pé ètò ń ṣiṣẹ́ bí òrùlé bá wà nínú rẹ̀, tí kò sì dáwọ́ dúró. Kíkó alágbe kúrò níta nìkan ò pa agbe rẹ́.

Torí náà, bí wọ́n bá tún gbé ètò wá sọ́jà wa, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n: níbo lẹni náà máa sùn? Láàárín ara wa ńkọ́? Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ jóná, tàbí tí onílé lé jáde, ẹ jẹ́ ká tètè dá owó yàrá fún un. Ká di ẹni mú kó má ṣubú, ó rọrùn ju ká gbé e dìde lọ.

Ọjà á tà o. A ò ní tọrọ jẹ.