Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ TÁYÀ ỌKỌ̀ TÓ Ń KÓ ỌJÀ WA



Ọkọ̀ tó ń kó ata àti tòmátì wa, àwa náà la ń jókòó sínú rẹ̀. Tí a bá fẹ́ ra táyà, ẹ má wo dídán. Tòkunbọ̀ lè máa dán lóde, kó ti gbó nínú.

Ẹ wá lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; tí nọ́ńbà mẹ́rin ò bá parí rẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí ẹ bá rí 2314, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ táyà ní tó bá ti pé ọdún 10, ká yọ ọ́, bó tilẹ̀ dà bí tuntun. Irú ẹ̀, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Kí dírẹ́bà sì wọn afẹ́fẹ́ láàárọ̀, nígbà tí táyà ṣì tutù. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré, tí ẹrù pọ̀, táyà á gbóná, á sì bẹ́ lójú ọ̀nà. Tó bá ní ẹrù ti tó, ẹ jẹ́ ó tó.

Táyà wọ́n, òótọ́ ni, àmọ́ a lè máa dáwó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀mí ò ní sípíà.

Ọjà á tà, a ó lọ ire, a ó bọ̀ ire. Àmín.