Ọ̀rọ̀ Alukoro Níbi Ayẹyẹ Ọdún Kẹwàá: Kánfọ̀ Inú Àpótí

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n ní kí alukoro sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Iṣẹ́ báńkì ni alukoro yín ń ṣe, kì í ṣe dókítà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sójú gbogbo wa ní Ifákọ̀ níbí.

Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá bímọ, àpótí aṣọ ọmọ la máa ń gbé lọ kí i. A máa ń ra aṣọ náà lọ́pọ̀, a ó kó o pamọ́, a ó ju kánfọ̀ sí i kí aáyán má baà bà á jẹ́. Ọmọkùnrin kan wọ ọ̀kan nínú aṣọ yẹn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹyinjú rẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé e sóòrùn, àwọn kan ní omi glúkóòsì. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá ìyàwó tó fi dandan lé e pé ọsibítù ni. Abẹ́ iná búlúù ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọ́n tún pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó yè é.

Àyẹ̀wò fi hàn pé G6PD rẹ̀ kò tó. Èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa ni. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ní in tó dà bí àkáùǹtì tí kò ní àfipamọ́: nǹkan ń lọ dáadáa títí ìnáwó òjijì fi dé. Kánfọ̀, primaquine àti àwọn oògùn kan ni ìnáwó òjijì náà. Ẹ̀jẹ̀ á máa fọ́. Bí ohun tó ń sọ ara di pupa rúsúrúsú bá pọ̀ jù lára ọmọ tuntun, á wọ ọpọlọ, ọmọ lè dití tàbí kó yarọ.

Kò jìnnà sí wa o. Nǹkan bí ọ̀kan nínú ọkùnrin Yorùbá márùn-ún ló ní in. Láti Ìbàdàn ni Luzzatto, Usanga àti Reddy ti fi hàn ní 1969 pé, nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó ní oríṣi méjèèjì, kòkòrò ibà kì í pọ̀ nínú èyí tí èròjà yìí kò tó bíi ti ìkejì. Ó jọ pé ohun tó ń dá wa lóró yìí náà ló gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ibà.

Ọwọ́ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi bú ìyàwó: bàbá tó ní in ń fún gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀, nítorí náà ó lè jẹ́ àna tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ló ti wá.

A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òbí ọmọ náà. A ti kó kánfọ̀ dànù, aṣọ tó bá a gbé, a ò ní fún ọmọ kankan mọ́. Láti oṣù yìí, owó àyẹ̀wò G6PD la ó máa fi sínú àpòòwé. Ẹ̀yin tó ti gba àpótí lọ́wọ́ wa rí, tí ẹ sì tún ń retí ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi aṣọ yẹn wọ̀ ọ́. Ọmọ náà wà lórí tábìlì kẹta, ó ń jẹ móínmóín.