Òwúrọ̀ Tí Owó Switzerland Fò Sókè

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò pàṣípààrọ̀ owó, èyí tí í ṣe fífi owó orílẹ̀-èdè kan ra ti òmíràn nítorí èrè, kò ní ṣàì jàǹfààní bí ó bá kọ́kọ́ wo Switzerland. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ náà ṣàdédé pa ìlànà tí kò jẹ́ kí Yúrò kan wálẹ̀ ju Fránkì 1.20 lọ tì, Fránkì, tí í ṣe owó Switzerland, sì gbówó lórí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yá owó lọ́wọ́ alágbàtà, ìyẹn ẹni tó ń bá oníṣòwò wọ ọjà, láti fi ta Fránkì di onígbèsè. Owó àyálò ló kó bá wọn, kì í ṣe àìmọ̀ṣirò.