Atẹ́gùn Inú Ọkọ̀ Onẹ́ńjìnì Alùpùpù

Ní ọdún 2014, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó ní Akọka, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Benin, gbé ọkọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kàn lọ sí ìdíje Shell Eco-marathon ní Rotterdam, níbi tí ọkọ̀ tí ó bá fi agbára tí ó kéré jù lọ rin ọ̀nà jíjìn ti ń gba ẹ̀yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí lè ronú kan ẹ́ńjìnì alùpùpù, nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì wà lọ́jà. Kì í ṣe ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bí kò ṣe àwọn ohun èlò iná tí ó bá a wá.

Olórí wọn ni rẹ́tífáyà. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń sáré sí ni iná tí ó ń pèsè ń le sí i. Rẹ́tífáyà ni ó ń sọ iná náà di irú èyí tí bátìrì lè gbà, tí ó sì ń kó o níjàánu kí ó má ju nǹkan bí fóòtì 14 lọ. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù, iná tí ó bá ṣẹ́ kù, ooru ni ó ń dà. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ṣe alùpùpù fi gbé rẹ́tífáyà sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, tí ó sì la ẹ̀yìn rẹ̀ ní poro-poro. Nígbà tí a bá ki gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí a bò, a ti gba atẹ́gùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ Maruwa tí ń ná Bariga, èyí tí a fi orúkọ Buba Marwa pè, ẹni tí ó ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 dé 1999. Púpọ̀ nínú wọn ni ẹ́ńjìnì wọn ní fáànù tirẹ̀, nítorí pé atẹ́gùn ojú ọ̀nà kò tó o lábẹ́ àga.

Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀mẹta. Ibi tí à ń wò, ọ̀nà kò gba ibẹ̀ lọ. Rẹ́tífáyà tí wọ́n dè sí ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín ni ó ti jóná, tí iná fi ń ya lu bátìrì. Owó tí wọ́n dá jọ tán kí ọkọ̀ náà tó jáde ní ọgbà.

Ẹ gbé rẹ́tífáyà síwájú, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, kí ẹ sì dè é mọ́ páànù alumíníọ̀mù tí ó nípọn, nítorí pé alumíníọ̀mù ń gbé ooru lọ ju irin ara ọkọ̀ lọ dáadáa. Ẹ ha ọ̀dà ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé. Bí ó bá jẹ́ fáíbà ni ara ọkọ̀ náà, kì í gbé ooru lọ, iná kò sì lè gba inú rẹ̀ padà; ẹ fa wáyà tí ó nípọn lọ tààrà sí bátìrì. Ní ti CDI tí ń darí ìṣáná, ìgbọ̀nrìrì ń bà á jẹ́. Orí rọ́bà ni kí ẹ gbé e kà.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú lójú kan, bí ìgbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Yaba bá dá yín dúró, kí ẹ wá wọn iná orí bátìrì. Bí ó bá ti kọjá fóòtì 15, ẹ pa ẹ́ńjìnì náà lójú ẹsẹ̀.